Tíkẹ́ẹ̀tì Èkó Tí Mi Ò Lò Tán, àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Dì Sí Mi Lẹ́sẹ̀

Nígbà tí bàálù balẹ̀ ní Accra tí mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ òsì mi kọ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ kíkú tí ìjókòó pípẹ́ máa ń fà. Ó dà bíi pé ẹnì kan wà lábẹ́ àga tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi mú, tó ń fún un bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo jókòó padà. Mo sọ fún ara mi pé, "Lámídì, ìwọ àti ẹsẹ̀ rẹ, ẹ rọra ṣe, a ò tíì bọ́."

Ìrora yẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Dubai ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo ti lọ ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí mò ń tà ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Accra. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń bọ̀ kò parí sí Accra, Èkó ló parí sí: èèyàn á sọ̀ ní Accra, á tún wọ bàálù kejì. Ráfíà, ọmọ wa kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní àdúgbò Lapaz ní Accra, ló ṣètò rẹ̀. Ó ní ti Èkó dínwó ju ti Accra lọ. Mo bi í pé báwo ni ọ̀nà tó jìn ṣe máa dínwó ju èyí tó sún mọ́ tòsí.

"Daddy, ẹ má bi mí, àwọn tó ni bàálù ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ ṣáà sọ̀ ní Accra, kẹ́ ẹ máa lọ ilé yín láìsọ fún wọn, torí wọn kì í fẹ́ ẹ, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ san ìyókù owó. Àmọ́ ẹ má fún wọn ní báàgì kankan o. Èkó ni báàgì yẹn á lọ."

Bí mo ṣe di báàgì mi mọ́ra nìyẹn. Irin ló kún inú rẹ̀, mi ò lè gbé e sókè. Mo tì í sábẹ́ àga iwájú, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a mọ́ra bí ẹni tó ń ṣọ́ àgbò iléyá. Mi ò dìde títí a fi dé, kí wọ́n má baà jí i. Mi ò mu omi, kí ìtọ̀ má baà gbé mi dìde. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Ní ọ̀nà àbájáde, obìnrin kan dúró tó ń ké pé kí àwọn èrò Èkó yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni ilé mi wà. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn rí bí mo ṣe ń tiro, ó ní, "Alhaji, ẹ jókòó kí n tì yín." (Wọ́n máa ń pè mí ní Alhaji. Dubai nìkan ni mo mọ̀, mi ò dé Mẹ́kà rí.) Mo ní rárá, mò ń na ẹsẹ̀ ni. Ká ní mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́ yẹn, á béèrè ibi tí mò ń lọ. Bí mo ṣe dé ìta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ mi lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pé kí n wá wọ bàálù Èkó. Mo rìn gbọnrangandan bí sójà, omi ń bọ́ lójú mi.

Ní ilé, ìyàwó mi, Ìyá Sádíà, fi omi gbóná àti òrí ra ẹsẹ̀ náà. Ó ti wú, ó pọ́n, ó sì gbóná ju èkejì lọ. Múfù tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wá kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tẹ nǹkan." Mo gbà á gbọ́, torí ó sàn kí ọ̀tá ṣe mí ju kí n ṣe ara mi lọ.

Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò, dókítà bi mí bóyá mo rin ìrìn àjò tó jìn lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí.

Mo ní, "Rárá o. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà."

Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, pé ìwé yẹn á rìn títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni bàálù. Ó ní iṣan ló fà, ó fún mi ní oògùn ara ríro. Irọ́ mi ló tọ́jú, kò tọ́jú ẹsẹ̀ mi.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kan, mo fẹ́ mí, èémí dúró ní ìdajì. Bí mo bá gbìyànjú, ohun kan á gún mi lábẹ́ egungun ìhà bí abẹ́rẹ́ ìránpò. Mo húkọ́, ẹ̀jẹ̀ wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìyá Sádíà dìde. Ó wé gèlè, ó wá takisí.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ́. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pè wọlé, mò ń kà á sí ẹni tó já ẹ̀mí mi gbà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó kàn mí, dókítà obìnrin náà béèrè ìbéèrè yẹn kan náà. Mo la ẹnu.

"Dubai ló ti dé," Ìyá Sádíà dáhùn. "Ẹ máa bi èmi. Ẹ̀rù tíkẹ́ẹ̀tì ń bà á."

Dókítà wò mí. "Bàbá, èmi kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún yẹ ẹsẹ̀ mi wò, wọ́n sì ya fọ́tò àyà mi. Ó ṣàlàyé: tí ẹsẹ̀ bá ká jọ pẹ́ láìrìn, tí ara kò sì ní omi tó, ẹ̀jẹ̀ lè dì bí ògì nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń dá a padà sí ọkàn. Èyí tó dì yẹn lè já, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Tèmi ti já. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tún fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà, torí rírà lè mú kí èyí tó kù já. Ìyá Sádíà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi í sábẹ́ ìbòrùn.

Wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ nínú awọ ikùn. Nọ́ọ̀sì á ní, "Due, Paapa, due." Bí wọ́n ṣe ń kí aláìsàn níbí nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń kí ẹni tí òkú kú fún. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì sí tèmi pẹ̀lú ń mí bí mo ṣe ń mí. Ní òwúrọ̀ kan, mi ò gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo yíjú sí ògiri, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mi ò gbàdúrà. Kò sí àdúrà lẹ́nu mi. Mo kàn ń ṣọ́ èémí mi, bí mo ṣe ṣọ́ báàgì. Kò sẹ́ni tó wá béèrè mi nítorí tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn gan-an tún dùn mí.

Wọ́n dá mi sílẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì àti ìbọ̀sẹ̀ líle kan tó ga dé orúnkún. Oògùn yẹn ń mú kí ọgbẹ́ kékeré pẹ́ kó tó gbẹ, nítorí náà mo ti fi abẹ ìfárùngbọ̀n sílẹ̀; irùngbọ̀n mi ti wá jọ ti Alhaji wàyí. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín kan bá wú tó sì gbóná lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́, ẹ tètè lọ ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró mi ti ń mọ́. Dókítà ní ẹsẹ̀ náà lè má padà sí bó ṣe wà. Orí àga ni mo ti ń kírun báyìí, lẹ́yìn àwọn arúgbó. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ ni mo máa ń sáré fọ̀ jù, torí òun ló gbẹ̀yìn. Nísinsìnyí mo máa ń jókòó, màá da omi sí ẹsẹ̀ òsì díẹ̀díẹ̀, màá sì mí kanlẹ̀. Bí ohunkóhun kò bá gún mi, màá ní àlùhámúdùlíláì. Lẹ́yìn náà màá tún mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n fi wò ó bóyá òótọ́ ni.