Ihò Mẹ́ta Lára Kọ́ńdánsátọ̀

Títí dòní, mo máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀ kí n tó kúrò nídìí ààrò. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní màmá àwọn ò gba ara ẹ̀ gbọ́, ká má tíì wá sọ ti ẹlòmíì. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Páńsá ò fura, páńsá já. Àjà ò fura, àjà jìn. Òwe tí bàbá mi fi tọ́ mi dàgbà nìyẹn, kò sì sí ọmọ tó yé bó ṣe yé mi nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ìfura gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọge, mi ò tíì sọ ọ́ fún wọn rí.

Kèrè là ń gbé, nídìí òkè. Dàhómẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Benin báyìí, ti gba òmìnira, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀. Iṣu ni bàbá mi ń gbìn, ọjà Glazoué ló sì ti ń tà á. Lọ́dún tí iṣu ta dáadáa, ó ra alùpùpù kékeré kan, tuntun láti inú páálí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Aṣọ ìyá mi tó dára jù ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí ìyá mi bá ń kùn, á ní kó dákẹ́, pé aṣọ kì í gbé èèyàn dé Glazoué.

Ọkùnrin kan ń fẹ́ mi sọ́nà nígbà náà. Mẹkáníìkì ni, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Kutọnu ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ń tún alùpùpù ṣe lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Dassa, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Ó ga, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: bí mo bá gbọ́ tí alùpùpù kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ọwọ́ mi á dúró lórí ọlọ. Síbẹ̀, mi ò gbà á gbọ́. Ọmọ ìlú ibòmíì, tí a ò mọ ilé ìyá ẹ̀, tó fi gbogbo ọmọge Dassa sílẹ̀ tó wá ń wá ọmọ olóko kiri ní Kèrè, kí ló ń wá gan-an?

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ èèyàn gbọ́dọ̀ wá sin àna ẹ̀. Á wá kọ ebè, á bá wọn ṣán oko, ojú iṣẹ́ ni wọ́n á ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹni tèmi gbé ọkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ebè mẹ́rin ló kọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú ẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni òjò ńlá kan rọ̀, omi ya wọ ibi tí alùpùpù wà, alùpùpù sì yarí, kò dún mọ́. Bàbá mi bá ránṣẹ́ sí i pé, "Iṣẹ́ àna rẹ dé o. Fi ọkọ́ sílẹ̀, kó irin iṣẹ́ rẹ wá."

Kó tó dé, bàbá mi pè mí sẹ́yìn ilé.

"Jókòó tì í. Má ṣe gbé ojú kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wọ̀nyí, wọ́n á yọ èyí tó dára lára tẹni, wọ́n á fi àlòkù dí ojú ẹ̀."

"Bàbá, ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi ni o."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o jókòó tì í."

Mo jókòó tì í. Mo bu omi fún un nínú igbá, mo ń wo ìka ọwọ́ ẹ̀. Ó tú irin róbótó tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó nu omi abẹ́ ẹ̀, ó to gbogbo ohun tó tú sórí àpò kan. Mo kà wọ́n: mọ́kànlá. Agolo kékeré kan wà láàárín wọn, ó ń dán yinrin, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, wáyà kan yọ lẹ́nu ẹ̀. Mo bi í pé kí nìyẹn.

"Kọ́ńdánsátọ̀ ni," ó ní. "Òun ló ń gba iná mọ́ra."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní irin tín-tìn-tín méjì wà nínú ibẹ̀ tó ń fẹnu kanra, tó sì ń là, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Ibẹ̀ ni iná ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá là lójijì, iná ò ní fẹ́ dúró, á fẹ́ fò dé òdìkejì, á ṣòfò síbẹ̀, á sì máa jó ẹnu irin náà. Kọ́ńdánsátọ̀ ló máa gbà á kó má bàa fò. Á gbà á, á tú u padà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí iná gidi ta lẹ́nu búují tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, tí alùpùpù fi ń lọ.

"Bí ìgbà tí o bá ń sọ omi kalẹ̀ láti orí," ó ní, "tí ẹnì kan bá ọ gbé igbá sábẹ́ ẹ̀, kó má bàa dà nù."

Mo ní irọ́ ni. Agolo tí wọ́n ti yọ kúrò lára ẹ́ńjìnnì, tó kàn dùbúlẹ̀ lórí àpò, iná wo ló fẹ́ wà nínú ẹ̀? Kò bá mi jiyàn. Ó gbé e lọ sídìí alùpùpù tiẹ̀, ó gbé ara agolo náà ti ẹ́ńjìnnì, ó fi wáyà ẹ̀ kan wáyà búují, ó yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀. Ó gbé e padà wá, ó rọra fi í sórí àpò, ó gbé igbá, ó mu omi títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí n fi ìka kan wáyà náà àti ara agolo lẹ́ẹ̀kan náà.

Yéè! Ó gbá mi lọ́wọ́ dé ìgúnpá! Mo fò sẹ́yìn, mo fi ìdí jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí gbogbo eyín ẹ̀ nìyẹn.

"Mo fún un níná, ó gbé e pa mọ́ dè ọ́," ó ní. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Tuntun ni."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Agolo tó jókòó jẹ́ẹ́ báyìí tó sì ní irú agbára bẹ́ẹ̀ nínú, ohun iyebíye nìyẹn! Ká ní olè ni mí, òun ni ǹ bá jí. Mo ronú pé bóyá ojú ẹ̀ ti wà lára ẹ̀ ló fi ń yìn ín.

Ìyá mi pè é pé kó wá jẹ iyán. Bó ṣe wọlé báyìí, mo wá ìṣó kan àti òkúta. Ihò mẹ́ta ni àmì ilé wa. Ó wà létí igbá wa, ó wà lára èèkù ọkọ́ wa, kí ẹni tó bá yá nǹkan wa má lè ní tòun ni. Mo dojú agolo náà délẹ̀, mo gbá ìṣó mọ́ ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ìṣó wọlé gan-an. Mo dá a padà sáyè ẹ̀. Nígbà tó jáde, òjò ti tún ń ṣú, ó ń kánjú, ó to gbogbo ẹ̀ padà láì wo ìdí agolo. Alùpùpù dún. Bàbá mi gùn ún yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń kí i ní "àna mi, àna mi". Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọjà Glazoué tó tẹ̀ lé e, alùpùpù kú mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ kó tó dé ìdajì ọ̀nà. Ó jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tó tutù, ó dún, ó rìn díẹ̀, ó tún kú. Lọ́jọ́ ọjà kejì, bákan náà. Láàárọ̀ nílé, á dún bí ẹni pé kò sí nǹkan kan; bó bá ti gbóná lójú ọ̀nà, ó parí. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi tì í wálé tiṣutiṣu nínú oòrùn. A ò tíì rí i tí a fi ń gbọ́ ohùn ẹ̀: "Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀! Olè lọmọkùnrin yẹn! Olè!"

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a dé láti Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi pe àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ó sì ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Ó ní kó tú alùpùpù lójú gbogbo wa. Ó tú u. Ó yọ kọ́ńdánsátọ̀, ó dojú ẹ̀ délẹ̀. Ihò mẹ́ta.

"Háà!" Bàbá mi pàtẹ́wọ́. Inú tó ń bí i ò jẹ́ kó rí àmì ilé wa níbẹ̀. "Tèmi dán, tuntun ni, kò sí ihò kankan lára ẹ̀. Orí ààtàn wo lo ti ṣa èyí wá?"

Mẹkáníìkì fi ọ̀bẹ gé ìdí agolo náà, ó yọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Bébà àti páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, wọ́n ká wọn pọ̀. Ó tú u hàn wá: ibi tí ìṣó ti gún bébà náà.

"Bébà yìí ni kò jẹ́ kí páànù méjèèjì fara kanra," ó ní. "Ìṣó ti gún un. Bó bá tutù, á ṣì gbìyànjú. Bó bá gbóná, wọ́n á kanra, iná á jò lọ, kò lè dì í mú mọ́. Bàbá, kì í ṣe àlòkù o. Ti yín náà ni. Ẹnì kan ló gbá ìṣó mọ́ ọn."

"Ta ni?"

Ó wo ihò mẹ́ta náà. Ó wo etí igbá omi tí ìyá mi gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ì bá ti sọ ọ́, kò sọ ọ́. Ó ń dúró dè mí.

Ojú tì mí. Ṣé kí n sọ lójú àbúrò bàbá mi pé mo fi àmì sí nǹkan nítorí ọkọ mi, bí ẹni pé olè ni? Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, ìtìjú nìkan kọ́. Èrò mìíràn ti wọ orí mi: ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì tú, ṣé kò lè lu ihò mẹ́ta ni? Tó bá jẹ́ pé ó ti rí àmì mi, tó fara wé e sára àlòkù, tó sì ń wò mí báyìí kí n lè gbè é lẹ́yìn ńkọ́? Ẹ gbà mí o! Wọ́n ń pe ọkùnrin lólè lójú mi, èmi ṣì ń rò ó wò.

Àbúrò bàbá mi ní àwọn kì í fún olè lọ́mọ. Bàbá mi ní kó dìde, kó máa lọ. Ó nu irin iṣẹ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sápò, ó kí àwọn àgbà, ó lọ. Kò wò mí mọ́.

Nígbà tí gbogbo wọn wọlé, mo ṣa ìdí agolo náà nílẹ̀. Ihò kẹta gùn bí hóró ìrẹsì, bí ìṣó ṣe yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo lọ mú ìṣó mi, mo kì í bọ̀ ọ́. Ó ṣe wẹ́kú. Kò sí ẹni tó lè fara wé àṣìṣe ọwọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, lẹ́yìn náà mo lọ bá bàbá mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún un.

Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Kò gbá mi.

"O ò ṣe burúkú tó o fura," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń pè é lólè, níbo lẹnu rẹ wà?"



Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi gbé ọtí sódàbì àti obì, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Dassa lọ bẹ mẹkáníìkì. Ó gba ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó mú kọ́ńdánsátọ̀ tuntun wá. Bàbá mi lé gbogbo èèyàn kúrò lágbàlá, òun fúnra ẹ̀ kẹ́yìn sí i, kó lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ṣọ́ ọ. Mo ti wẹ̀, mo ti di irun, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò gbé mi jáde. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Alùpùpù dún dáadáa.

"O kú iṣẹ́ o, àna mi," bàbá mi sọ fún un. "Ọjọ́ wo ni ká wá fi ìgbéyàwó sí?"

"Bàbá, ti yín ti tán nínú mi," ó ní. "Mi ò bínú sí yín rárá. Ẹ̀yin ò mọ̀."

Bàbá mi nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Ọmọ wa ńkọ́?"

"Ẹ bá mi kí i."

Ilẹ̀kùn nìkan ló wà láàárín wa. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó gun alùpùpù tiẹ̀ lọ, kò sì padà wá mọ́.