Ó-Ku-Díẹ̀ àti Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Rẹ̀

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí sípíríìngì, irin kíká tó ń gbé ọkọ̀ ró, fò. Olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti di olóògbé báyìí, ló ń tún ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ ṣe. Ó ti fi ṣéènì fún sípíríìngì ńlá náà pọ̀. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá wọn, irin yẹn lè pa èèyàn o!"

"Mo ti ṣírò ó. Kò lè lọ síbì kankan."

Gbàgà! Irin kọjá létí ọkọ fìrìì, ó fọ́ fèrèsé aládùúgbò, ó bọ́ sínú ìkòkò lórí iná. Ìyàwó ti dojú bolẹ̀, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó lajú, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọgbà, ó ṣí fìlà fún aládùúgbò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e padà. Ó ku díẹ̀ kí n parí."

Bó ṣe di Ó-Ku-Díẹ̀ nìyẹn. Díẹ̀ náà gba ọdún mẹ́ta. Nígbà tó parí lóòótọ́, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣẹ́ kù sílẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" Ìyàwó ṣa nọ́ọ̀tì náà sọ́wọ́.

"Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn ti bẹ̀rù jù."

Obìnrin náà bá a wọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ẹ̀rù àtidúró sílé ju ẹ̀rù ọkọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ awakọ̀: kò, kò, kò.

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?"

"Má dá a lóhùn."

Ìyàwó gba gbogbo àdúrà tó mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ èyí tí kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kò kúrò lára sítíárìn. Ìyàwó ló bá a ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹ̀rù bà yín ni?"

"Ó ku díẹ̀ kó bà mí."

Ọkọ̀ kọ́ ló pa á. Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, opó rẹ̀ pe mẹkáníìkì pé kó wo ọkọ̀ náà wò kí òun tó tà á. Ọkùnrin náà wọ abẹ́ ọkọ̀, kò tètè jáde. Ẹ̀rù tún mú obìnrin náà.

"Ìyá, bọ́ọ̀ṣì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí irin máa gbá irin, tuntun ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ máa ń jókòó. Ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ti jẹ tán pátápátá. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Bóyá ẹyọ kan péré ni bàbá rí."

"Ẹyọ kan náà ló fi sọ́dọ̀ mi?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni, mà."

"Ọkùnrin yìí! Tó ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ọkọ̀ mú. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ibi tí kò jókòó sí rí, ó wọlé, ó rọra pa á dé.

Mẹkáníìkì kó sípánà rẹ̀. Kò bi í mọ́ bóyá yóò tà á.