Ẹni Tó Lóṣòó fún Ọdún Mẹ́rin

Ọdún mẹ́rin gbáko ni Lyle Wiebe fi lóṣòó lẹ́yìn ògiri pápá bẹ́sìbọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ní Kansas, tó ń hán bọ́ọ̀lù fún àwọn ajùbọ́ọ̀lù tó fẹ́ wọ pápá. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ rí. Wọ́n á jù ú sí i títí apá wọn á fi gbóná, wọ́n á lọ gba àtẹ́wọ́, òun á sì di ògiri mú kó tó lè dìde. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín pé ó ní sùúrù. Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló béèrè rí bóyá orúnkún ń dun baba?

Ohun kan ṣoṣo ló ń retí. Ní Sátidé tó kẹ́yìn sáà, nínú oṣù Karùn-ún, ẹni tó bá ti wà ní ọdún kẹrin, bó ti wù kó gọ̀ tó, wọ́n á fún un ní igi kó gbá bọ́ọ̀lù lójú àwọn òbí rẹ̀. Àṣà wọn nìyẹn.

Àfi bí àwọn ọ̀gá líìgì ṣe jókòó, tí wọ́n gé eré mẹ́rìndínlọ́gọ́ta sí méjìdínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n ju oṣù Karùn-ún nù bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìkà gbáà ni. Nígbà tí eré pọ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fi ọ̀kan ṣàánú èèyàn. Nígbà tó ṣẹ́ kù díẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ogun. Síbẹ̀, Pruett tó ń kọ́ wọn ṣèlérí fún Lyle pé bí àwọn bá ti fi àmì méjì ṣíwájú lọ́jọ́ ìkẹyìn, yóò gbá.

Lọ́jọ́ náà, ìyá Lyle wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin wá, ó jókòó sínú afẹ́fẹ́ oṣù Kẹrin, fóònù lọ́wọ́ láti ya fídíò rẹ̀ bó bá ń gbá. Ní ìpele kẹjọ nínú mẹ́sàn-án, àmì mẹ́ta ni ẹgbẹ́ Lyle fi ń ṣíwájú. Lyle ti dé akoto. Pruett wò ó, ó rán ẹlòmíràn lọ gbá. Ẹgbẹ́ onílé bíi tiwọn tó bá ń ṣíwájú kì í sì í gbá mọ́ ní ìpele kẹsàn-án. Ó parí nìyẹn.

Lyle padà sẹ́yìn ògiri. Ibẹ̀ ni Pruett ti wá bá a, ó ní kó lóṣòó hán bọ́ọ̀lù fún Kessel, ajùbọ́ọ̀lù tó fẹ́ wọlé lọ parí eré.

"Kóòṣì, ẹ lóṣòó hán an fúnra yín."

"Lyle, má ṣe mí báyìí. Ṣebí ọmọ dáadáa ni ẹ́."

"Ọmọ dáadáa ti lọ sílé. Ẹ gba ìbọ̀wọ́."

Kò sáyè ìjà. Pruett, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, lóṣòó. Ó hán mẹ́jọ, Kessel sì sáré wọ pápá. Pruett fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Ó na ọwọ́ sí Lyle.

"Jọ̀ọ́, fà mí dìde."

Lyle wo ọwọ́ náà. "Ẹ di ògiri mú, Kóòṣì. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Ó ṣí akoto, ó lọ bá ìyá rẹ̀, tó ṣì gbé fóònù sókè.