Ọjọ́ Mẹ́ta ní Phnom Penh

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ kó tó kú, ṣé ó lè rìn lẹ́yìn ikú? Màmá Savoeun ló bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́dún tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ gbafẹ́ ní olú ìlú, mi ò sì tíì rí ìdáhùn rẹ̀ títí di òní. Mo ti wá a nínú ìwé mímọ́ wa. Mo ti bi olórí àwọn mọ́ńkì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n bu tíì sí i fún òun. Èmi ni achar tẹ́ńpìlì abúlé wa. Èmi ni mo ń ṣáájú àdúrà, èmi náà ni mo sì ń ka orúkọ àwọn òkú nígbà Pchum Ben, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn òkú máa ń gbààyè wá wá oúnjẹ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn. Ó yẹ kí irú mi mọ̀ ọ́n.

Gbogbo wa tí a wà lẹ́bàá odò Sangker la mọ Màmá Savoeun mọ́ num ansom, ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀wà sí láàárín, tí wọ́n wé sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì sè láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èyí tó bá dè, omi ò lè wọ̀ ọ́. Iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù díẹ̀, ṣùgbọ́n a ti mọ́ ọn lára. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni nígbà náà, obìnrin kúkúrú, tó gbẹ, tí ẹnu rẹ̀ mú. Phnom Penh, olú ìlú náà, ni wọ́n bí i sí. Láti ìgbà tó ti dé àárín wa, ó lé ní ogójì ọdún, kò fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Bí èèyàn bá bi í pé kí ló dé, á ní òun máa ń bì nínú ọkọ̀.

Thavy, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ olùkọ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ ìrìnàjò náà dé. Ó ti wo fóònù títí tó fi rí yàrá kan tó kọjú sí odò, tí wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù nítorí pé ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn Pchum Ben, gbogbo ará Phnom Penh ló ń kó lọ sí abúlé bàbá wọn.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni, Màmá," ló wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì oparun tó wà lábẹ́ ilé wọn tó dúró lórí òpó. "A ó lọ lọ́jọ́ kìíní, a ó gbafẹ́ lọ́jọ́ kejì, a ó padà lọ́jọ́ kẹta."

"Ta ló sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo gba yàrá ni?"

"Bí wọn ò bá jẹ́ ká padà lọ́jọ́ kẹta ń kọ́?"

Bunrith, ọkọ Thavy, awakọ̀ tí kì í rí nǹkan kó má fi ṣe yẹ̀yẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, hòtẹ́ẹ̀lì ni o. Bí ọjọ́ yín bá pé tẹ́ ò lọ, àwọn gan-an ni wọ́n á lé yín jáde."

Màmá Savoeun kò rẹ́rìn-ín. Ó kó abọ́ jọ, abọ́ Bunrith náà, bẹ́ẹ̀ Bunrith ò tíì jẹun tán.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti kárí abúlé. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ ọlọ́mi lójú ọ̀nà ilé ìwé dá Thavy dúró. "Ṣé òótọ́ ni? Àwọn ará ìlú ń bọ̀ wá jẹ num ansom ìyá rẹ, ìwọ ń gbé e sá lọ síbi tí wọ́n ti ń bọ̀?"

"À ń lọ wo yìnyín tí wọ́n ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí rẹ̀ nínú ilé ìtajà ńlá."

"Ìyá rẹ, lórí yìnyín? Ẹ yáa mú bẹ́ẹ̀dì oparun yẹn dání. Òun lẹ máa fi gbé e padà."

Thavy kì í bínú. Ó ti la ìwé kan, ó fi bírò pupa tó fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ gbogbo ètò náà sínú rẹ̀: iwájú ààfin ọba, ìrìn lẹ́bàá odò, tẹ́ńpìlì orí òkè, yìnyín, ilé ìtajà, ọkọ̀ ojú omi nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ó ń wu ú kí ìyá rẹ̀ sinmi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tóun ti gbọ́njú, òun ò rí i kí ìyá òun jókòó láìwé nǹkan kan sínú ewé.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ ọ́ lóminú ni báàgì. Ó lọ wo aṣọ tí ìyá rẹ̀ kó, ó bá ìrẹsì kílò mẹ́wàá níbẹ̀, àti ìkòkò, iyọ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, abẹ́rẹ́ àti òwú. Aṣọ méjì péré ló wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ìkòkò ṣe? Wọ́n ń fún èèyàn lóúnjẹ àárọ̀ níbẹ̀."

"Àárọ̀ ọjọ́ wo?"

"Gbogbo àárọ̀ tá a bá fi wà níbẹ̀."

"Ọjọ́ mélòó la máa wà níbẹ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti sọ ọ́."

"Jẹ́ kí ìkòkò wà níbẹ̀," ni Màmá Savoeun wí.

Thavy kó o jáde. Nígbà tó di ọ̀sán, ìkòkò ti padà sínú báàgì.

Ohun tó wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá, ìfẹ́ ni Thavy fi ṣe é. Ó mọ̀ pé ìyá òun ò fẹ́ràn èrò, ó sì rò pé ẹ̀rù èrò ló ń bà á. Ó wá fídíò kan jáde lórí fóònù rẹ̀, èyí tẹ́nì kan yà ní Pchum Ben ọdún tó kọjá. Ó sún mọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ wò ó, Màmá. Ìlú á dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ wo Ọjà Tuntun, ẹ̀dá kan ò sí níbẹ̀."

Màmá Savoeun wò ó. Òrùlé ofeefee Ọjà Tuntun ló rí, bó ṣe wà látijọ́. Ó rí títì tó lọ gbọọrọ, àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, bàtà ẹsẹ̀ kan tó wà láàárín ọ̀nà. Ó dojú fóònù náà bolẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dìde, ó lọ síbi ìkòkò omi ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, ó sì dúró síbẹ̀ láìbu omi. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò jẹun lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì náà ló wá bá mi ní tẹ́ńpìlì lẹ́yìn oúnjẹ àwọn mọ́ńkì. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń da orúkọ àwọn òkú kọ sínú ìwé tuntun, nítorí ikán ti jẹ ti àtijọ́. Ó kúnlẹ̀, ó júbà ère, ó wá jókòó tì mí.

"Achar, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ kó tó kú, ṣé ó lè rìn lẹ́yìn ikú?"

Mo dáhùn kíá bí ẹni tó mọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ara nìkan ló ń rọ. Òkú kì í yarọ."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa."

"Ẹni tó kọ́ yín, ó ti kú rí nígbà tó ń kọ́ yín?"

Mo gbé bírò mi sílẹ̀.

"Ẹ máa ń sọ fún wa pé àwọn òkú tí ebi ń pa máa ń wá èèyàn wọn dé tẹ́ńpìlì méje, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Phnom Penh dé ibí, tẹ́ńpìlì mélòó ló wà lójú ọ̀nà?"

"Wọ́n pọ̀."

"Ṣé wọ́n ju méje lọ?"

"Wọ́n ju méje lọ dáadáa."

"Ẹ ò rí i," ló wí. Ó wá sọ fún mi.

Nínú oṣù kẹrin ọdún 1975, nígbà tí àwọn ọmọ ogun aláṣọ dúdú gba ìlú, yàrá ìsàlẹ̀ kan ní òpópónà ẹ̀yìn Ọjà Tuntun lòun àti Sarith ọkọ rẹ̀ ń gbé, ilé kejì láti igun, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Sarith ń tún aago ṣe. Ìyá Sarith wà lọ́dọ̀ wọn. Khiev Orn lorúkọ rẹ̀. Àìsàn ti rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àwọn ọmọ ogun ń fi gbohùngbohùn ké kiri pé kí gbogbo èèyàn jáde nínú ìlú, pé ọkọ̀ òfurufú ń bọ̀ wá ju bọ́ǹbù, pé kí wọ́n má di ẹrù púpọ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni.

"Sarith ní ká gbé ìyá òun sórí kẹ̀kẹ́," ni Màmá Savoeun wí. "Ìyá náà ní, 'Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni mí tẹ́ ẹ fẹ́ so mí mọ́ kẹ̀kẹ́?' Àwàdà ló ń ṣe, Achar. Ká ní a gbé e ni, ì bá bá wa lọ. Èmi ni mo ní ká fi í sílẹ̀. Oòrùn oṣù kẹrin, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọdún tuntun tán ni, num ansom mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù. Mo kà á: mẹ́ta lóòjọ́. Mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé omi tì í, mo fi abẹ̀bẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo ní kó má jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, 'Máa lọ, kẹ́ ẹ tètè dé. Num ansom rẹ ò níyọ̀ tó.'"

Ó tún etí ìró rẹ̀ fà wálẹ̀ bo orúnkún.

"Wọn ò jẹ́ ká padà mọ́. Sarith ò bú mi rí títí tó fi kú. Ká ní ó bú mi ni."

Nígbà yẹn, wọ́n bọ́ aṣọ mọ́ńkì lára èmi náà, wọ́n sì lé mi lọ gbẹ́ ilẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí mi ò tíì gbọ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ka orúkọ Khiev Orn sókè, tí mo sì ń sọ fún obìnrin yìí pé oúnjẹ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Mo gbà á gbọ́ nígbà tí mò ń sọ ọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ojú títì nìkan ni mò ń rí, àti obìnrin kan tó ń wọ́ bọ̀ lórí ìdí.

"Ẹ sọ fún Thavy," ni mo wí. Ìmọ̀ràn tí mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn méjèèjì ń nu ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Thavy ò ké, kò pariwo. Ó ń nu ewé kan náà títí tó fi ya. Ó lọ mú ìwé ètò rẹ̀ wá, ó fi bírò pupa fa ìlà lé yìnyín, ó fà á lé ilé ìtajà, ó sì ń fà á lé ọkọ̀ ojú omi lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Màmá, kí lẹ ṣe tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀, mo ní. Ìyá àgbà rẹ fẹ́ràn odò."

Bunrith wà nítòsí, ó ń fọ ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yìí kò rí nǹkan kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pa rọ́bà omi, ó ní, "Màmá, òpópónà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ilé tó ń ta fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí, ilé kejì láti igun."

"Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń kọ́?"

"Gíláàsì ni."

"Ṣé wọ́n ń ṣí i nígbà Pchum Ben?"

"Wọ́n á ti tì í, Màmá. Gbogbo wọn ló ń lọ sábúlé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màmá Savoeun wí. "A ó jókòó síta." Ó fa ìrẹsì sún mọ́ra. Num ansom mẹ́wàá ló wé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tọ́ ìrẹsì rẹ̀ wò, ó tún bu iyọ̀ sí i. Nígbà tí Thavy ní mẹ́sàn-án á tó, ó ní mẹ́sàn-án ò tó nígbà yẹn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, ó tún wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mú num ansom kan wá fún mi. Ó ní ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá ni, òun wé e lé mẹ́wàá yẹn, tèmi ni. Ó wo ìwé tuntun tó wà lórí itan mi, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà kẹta, bí kò tiẹ̀ mọ̀wé púpọ̀.

"Òun nìyí?"

"Òun ni."

"Achar, mo fẹ́ bẹ̀ yín níṣẹ́ kan. Bẹ́ ẹ bá ń ka orúkọ láwọn ọjọ́ tó kù yìí, ẹ bá mi fo tiẹ̀."

"Kí n fò ó?"

"Lọ́dún yìí nìkan. Bí ẹ bá pè é níbí, á gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ, etí rẹ̀ ò rọ. Á ní òun ń bọ̀, á máa wọ́ bọ̀ lójú títì, èmi á dé ibẹ̀, màá bá ibẹ̀ lófìfo. Màá ti kọjá lára rẹ̀ nínú mọ́tò."

Mo wo ìlà kẹta náà. "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ ń kọ́? Mi ò ní pè é níbí, ẹ̀yin náà ò ní rí i níbẹ̀. Ebi á wá pa á lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo ti rò ó."

Ó mú bírò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó nà án sí mi.

"Ẹ bá mi fò ó, Achar. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ dè mí."