Bítà Tí Mo Fi Orógbó Ṣe

Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi kòró. Ẹnikẹ́ni kò pìtàn rẹ̀ fún mi. Nínú ilé ọtí wa ní Sabon Gari, ní Kano, nígbà náà, èmi tí n kò kàwé kọjá píráímárì mẹ́ta ni mo mọ wisikí pò jù. Òyìnbó rélùwéè ló kọ́ ọ̀gá mi, ọ̀gá kọ́ mi: kán bítà, omi egbò kíkorò, sí ṣúgà, da wisikí àti yìnyín lé e, kí o fi èèpo ọsàn sí i.

Ìjọba wá fòfin de ọjà òkè òkun, bítà sì tán ní ọjà Singer. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè nìkan ló ṣì ń wá mu ọtí tí mo ń pò yẹn. Ọ̀gá ní bí bàbá bá lọ, òun máa tilẹ̀kùn. Mo ṣa èèpo ọsàn tí mai lemu, ọlọ́sàn wa, bó dànù, mo rẹ ẹ́ pẹ̀lú orógbó sínú wisikí, mo fi ṣe bítà, mo sì pò ó fún bàbá.

Bàbá tọ́ ọ wò, ó fajú ro.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé agbo ibà lo bù fún mi?”

“Bàbá, kò sẹ́ni tó lè pò ó báyìí ní Kano.”

“Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó láyà ẹ̀.”

Ó mu ún tán, ó dìde, kò sì padà mọ́. Ọtí yẹn dára, àmọ́ àwíjàre ti sú mi. Ọ̀gá tilẹ̀kùn lóòótọ́. Ohun tó bá ọtí yẹn lọ: ilé ọtí kan, iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta (ọ̀gá, èmi àti mai lemu), oníbàárà kan.