Kókó Ẹ̀gúsí Ọjọ́ Àlàmísì

Ọjọ́ Àlàmísì kan tí ìyá mi gba ààwẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí a gún, tí a ṣù kí a tó dín in, ni ìyá mi ń tà létí títì ní Ìkirè, èmi sì ni mo máa ń bá wọn ṣù ú lẹ́yìn iléèwé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n yára se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kí wọ́n tó dé wá ṣínu.

Mo po ẹ̀gúsí, mo ṣù ú ní kókó kókó, mo sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Nígbà tí ìyá mi jókòó ti àwo, wọ́n fọwọ́ la kókó kan. Inú rẹ̀ funfun, kò jinná.

Wọn ò bínú. Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ mi títí.

“Ìwọ̀n dòdò lo fi ṣù ú,” ni wọ́n wí. “Torí kí ọwọ́ rẹ má baà rí bí tèmi ni mo ṣe ń rán ọ níléèwé.”

Tebitebi ni wọ́n gbé ìkòkò padà sórí iná. Láti ìgbà náà, wọn ò pè mí sídìí dòdò mọ́.

Olùkọ́ ni mí ní Àpòmù báyìí. Bí mo bá ń bu ẹ̀gúsí sínú ọbẹ̀, ìwọ̀n dòdò ni ọwọ́ mi ṣì ń bù.