Ọjọ́ tí Ọ̀rọ̀ Fò Lọ Lórí Mi Níwájú Ìjọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkẹ́nnẹ́, obì gbànja ni ìyá bàbá mi ń tà. A óò rẹ obì sómi kí èèpo funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a óò sì máa bó o títí ìka yóò fi bó. Ìwé ọ̀fẹ́ ti dé, ṣùgbọ́n bàbá mi ń kùn pé ilé ìwé ń gba ọwọ́ tí ìbá máa ran ìyá òun lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo wàhálà! Tíṣà mú mi pé kí n kí ìjọ lédè Òyìnbó, láìwo ìwé, níbi àjọ̀dún àwọn ọmọdé. Bàbá mi ní bí mo bá gbàgbé pẹ́nrẹ́n, ilé ìwé parí nìyẹn, kí n wá jókòó ti agbọ̀n obì.

Tíṣà ní kí n mọ̀ ọ́n "bái háàtì", ìyẹn ni pé kí n mọ̀ ọ́n sórí. Ó ní háàtì ni ọkàn tó ń lù kì-kì nínú àyà, àmọ́ Òyìnbó tún gbà pé ibẹ̀ ni ìfẹ́, ìgboyà àti ìrántí ń gbé. Ó yà mí lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwa, orí la ń kọ́ nǹkan sí, inú ló ń dùn, àyà ló ń já. Òyìnbó kó gbogbo rẹ̀ sójú kan! Oṣù kan gbáko ni mo fi ń kà á sókè nídìí obì, tí ìyá àgbà ń bó tirẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lọ́jọ́ náà, mo kí àlùfáà, mo kí ìjọ. Bí mo ṣe dé ibi tí mo ti fẹ́ sọ pé háàtì wa kún fún ọpẹ́, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Èyí tó ń lù kì-kì nìkan ló kù. Bàbá mi dorí kodò. Ẹ̀rù bà mí débi pé ó kù díẹ̀ kí n tọ̀ sára.

Ni ẹnì kan bá ké láti ìjókòó àwọn ìyá: "Háàtì ló kàn, ọmọ mi! Awa háàtì!"

Ìyá àgbà ni, ẹni tí kò mọ Á yàtọ̀ sí Bí, ló ń pe "háàtì wa" lédè Òyìnbó. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, ìyókù sì padà sí mi lórí, mo kà á dópin.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rò ó pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Ká ní ó dákẹ́ ni, èmi ni ìbá máa bá a bó obì títí dọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lónìí, ẹ̀yin ń fi nǹkan dí etí kàwé lórí fóònù. Ẹ mọ̀wé jù mí lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já o: bí ọ̀rọ̀ bá pòórá lẹ́nu yín lọ́jọ́ kan, ta ló ti gbọ́ ọ rí nínú ilé yìí?